Ilẹ̀ Ti Ṣú, Ọmọ Wà Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́: Ṣé Dẹ́rẹ́bà Rí I?

Ọjà ti tú n'Ísẹ́yìn. Ìyá aláta ti palẹ̀ igbá mọ́, fọkanáísà ti pa ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà, káfíńtà ti kó ayùn àti òòlù sínú àpò. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, sórí kárià ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ní:

"Dì mí mú dáadáa o. Má sùn o."

"Mi ò ní í sùn, Bàbá."

Ọmọ ò mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Kí wọ́n tó jáde ìlú, oorun ti gbé e lọ. Iná kẹ̀kẹ́ ń tàn níwájú. Bàbá ń rí kòtò, ó ń yà fún òkúta, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lọ́rì kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, iṣu ló kó, eré burúkú ló ń sá bọ̀. Bàbá ń rí ọ̀nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ dẹ́rẹ́bà lọ́rì yẹn, kí lòun ń rí?

Àpèjúwe lásán ni káfíńtà yìí o, àmọ́ ta ni kò mọ irú rẹ̀? Láti Ṣakí dé Ìkìrun, láti Ìgbòho dé Àgọ́ Ìwòyè, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ kò sí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tàbí lẹ́yìn ọ̀kadà. Omíràn ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, omíràn ti bá ìyá rẹ̀ jókòó ti ọjà láti àárọ̀.

Iṣẹ́ méjì ni iná ń ṣe lóru. Èkíní, kí ẹni tó gùn ún lè ríran. Èkejì, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí ẹni tó gùn ún. Iṣẹ́ kìíní ni gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí pé ojú ara ẹni ni. Iṣẹ́ kejì ni ọ̀pọ̀ gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló kan ọmọ. Ẹ ṣáà wò ó: iná ńlá wà níwájú, ọmọ wà lẹ́yìn. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ọmọ yẹn ló jìnnà sí iná jù, òun náà ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa kọ́kọ́ bá.

Ìdí abájọ tún wà tí àṣálẹ́ ilẹ̀ wa fi léwu. Oòrùn tiwa kì í fi àkókò ṣòfò. Láti January títí dé December, láàrin nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ sí aago méje kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń wọ̀. Bó bá ti wọ̀ tán, kì í tó ìdajì wákàtí tí òkùnkùn fi ń bo ilẹ̀. Kì í ṣe bíi ti ìlú òyìnbó nígbà ooru wọn, tí ìmọ́lẹ̀ máa ń pẹ́ lójú sánmà. Ìyálọ́jà tó fẹ́ gbéra ní aago mẹ́fà, oníbàárà kan ṣoṣo tó dúró fi ogún ìṣẹ́jú ná ata owó kékeré ló sọ ìrìn ọ̀sán rẹ̀ di ìrìn òru.

Ẹ YỌ 30 KÚRÒ NÍNÚ 50

Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bí 22 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ènìyàn tó pe "Yéè!" ó ti kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí dẹ́rẹ́bà bá sì rí nǹkan níwájú, kì í ṣe ojú ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ ń dúró. Ojú á rí i, ọpọlọ á rò ó, ẹsẹ̀ á wá lọ sórí búrèèkì, lẹ́yìn náà ni táyà á tó di ilẹ̀ mú. Lórí ọ̀dà tó gbẹ, tí búrèèkì sì dára, ọkọ̀ yẹn á ti jẹ nǹkan bí 50 mítà kó tó dúró pátápátá. Ìdajì pápá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Bí òjò bá rọ̀, tàbí tí táyà bá ti dán bí orí apárí, ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹni tó wọ aṣọ dúdú lóru, níbo ni dẹ́rẹ́bà ti máa rí i? Bí iná ọkọ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀, bí òfin ṣe ní kó wà nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀, ó lè má rí i àfi tó bá ku bí 20 tàbí 30 mítà. Ẹ̀yin ìyálọ́jà tẹ́ ẹ mọ owó ṣírò, ẹ yọ 30 kúrò nínú 50, kẹ́ ẹ wò ó bóyá èrè ni tàbí gbèsè. Gbèsè 20 mítà ni. Ara ọmọ ni wọ́n á sì fi san án.

Àwọn kan á ní, "Aṣọ tèmi kì í ṣe dúdú, pupa ni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí pupa tàn yín. Nínú òkùnkùn, ojú ọmọ ènìyàn kì í mọ pupa mọ́, dúdú ló máa ń rí lójú wa. Ánkárá pupa tó ń pe gbogbo ènìyàn wò lọ́sàn-án, lóru kò yàtọ̀ sí àdìrẹ ẹlẹ́lùú tó mu aró yó. Aṣọ funfun dára jù wọ́n lọ dáadáa, ẹni tó bá ní in kó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n funfun pàápàá kò tó fún ọkọ̀ tó ń sáré.

Ẹ BI ỌDẸ LÉÈRÈ

Kí ló wá tó? Ọdẹ mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ kọ́ ló kọ́ ọ. Ọdẹ tó ń dẹ̀gbẹ́ òru, iwájú orí ló ń de iná mọ́. Kí nìdí? Nítorí pé bí iná bá bọ́ sójú ẹtu, ojú ẹtu á dá ìmọ́lẹ̀ yẹn padà tààrà síbi tó ti wá. Ojú ọdẹ sì rèé, lábẹ́ iná gan-an ló wà, ló bá rí ojú méjì tó ń tàn yòò nínú igbó. Ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan lókèèrè lè má rí nǹkan kan.

Gíláàsì pupa kékeré tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò ní bátìrì, kò ní wáyà. Iná ọkọ̀ bọ́ sí i, ó dá a padà sọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà. Òyìnbó kan, Percy Shaw, ará Halifax ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú ọgbọ́n yìí ṣe gíláàsì tí wọ́n ń rì mọ́ àárín títì, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1934. Ojú ológbò ni wọ́n pè é títí dòní. Téèpù pupa àti funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírélà náà, ọgbọ́n kan náà ni. Lójú iná ọkọ̀, irú téèpù bẹ́ẹ̀ á ti máa tàn láti ibi tó ju 100 mítà lọ. Gbèsè ti di èrè.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó ń dán ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń so àwo CD àtijọ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíi dígí ló rí: bí kò bá kọjú sí dẹ́rẹ́bà gan-an, ibòmíràn ló ń ju ìmọ́lẹ̀ sí. Ó lè tan iná sójú ewúrẹ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kí dẹ́rẹ́bà má rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ ọsàn tàbí òféèfèé tí àwọn tó ń gbálẹ̀ títì l'Ékòó máa ń wọ̀. Ọ̀sán ni àwọ̀ yẹn wúlò fún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀já fàdákà tí wọ́n rán mọ́ aṣọ náà ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ọkọ̀.

Àwọn àgbà tó gun Raleigh nígbà kan máa rántí pé funfun ni ìdí mọ́dígáàdì ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, gíláàsì pupa sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà, ní Nottingham, nígbà ogun Hitler, 1939 sí 1945, tí wọ́n pa gbogbo iná títì níbẹ̀ kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má baà rí ìlú, òfin ni kí ìdí kẹ̀kẹ́ funfun. Àwọn tí kò gbọdọ̀ tan iná ńlá wá ọ̀nà kí wọ́n má baà tẹ ara wọn pa. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tiwa, láìsí ogun, òkùnkùn kan náà ló wà níbẹ̀. Ọ̀dà funfun sì wà lọ́wọ́ gbogbo pẹ́ńtà.

OHUN TÓ Ń BO INÁ MỌ́LẸ̀

Òfin ojú pópó béèrè iná funfun níwájú kẹ̀kẹ́, iná pupa lẹ́yìn, àti gíláàsì pupa. Ká ní gbogbo rẹ̀ pé. Ìyá pọn ọmọ, ó jókòó sẹ́yìn, ìró rẹ̀ sì wálẹ̀ bo kárià. Iná pupa ń tàn lábẹ́ ìró bí àtùpà tí wọ́n dé igbá lé lórí. Ọmọ tó dá jókòó náà, ẹ̀wù rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, àpò ìwé rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, àpò gàrí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ohunkóhun tó bá gbẹ̀yìn pátápátá, ara òun ló yẹ kí ohun tó ń tàn wà. Bí ìyá bá pọn ọmọ, ọ̀já ló gbẹ̀yìn. Bí ọmọ bá gbé àpò ìwé kọ́ ẹ̀yìn, àpò ìwé ló gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ télọ̀ rèé. Téèpù tírélà le, ó sì ní gọ́ọ̀mù, kò ṣeé rán sáṣọ dáadáa. Ṣùgbọ́n fẹ́sìtì àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì, ọ̀já fàdákà ara rẹ̀ aṣọ ni. Fẹ́sìtì kan tó ti gbó, bí wọ́n bá tú ọ̀já rẹ̀, á tó fún ọ̀já ìyá, àpò ìwé ọmọ, àti ẹ̀yìn ẹ̀wù bàbá. Kí wọ́n fi èyí tó bá kù rán okùn kékeré tí wọ́n á máa so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ sísàlẹ̀, dẹ́rẹ́bà kì í ṣì í mọ̀. Ohun tó dúró sójú kan lè jọ òpó, ó lè jọ páànù. Iná méjì kéékèèké tó ń gun ara wọn, ènìyàn ló ń wa kẹ̀kẹ́ yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà á mọ̀.

Iṣẹ́ wẹ́dà náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá sùn lórí kárià, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, á máa wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gìgísẹ̀ á fi wọ inú sípóòkù. Àwọn dókítà mọ ọgbẹ́ yẹn dáadáa, awọ gìgísẹ̀ ló máa ń bó, eegun sì lè kán. Lọ́sàn-án bàbá lè bojú wẹ̀yìn. Lóru, igbe ọmọ ló máa sọ fún un. Irin méjì tí ọmọ á gbé ẹsẹ̀ lé, páànù tàbí nẹ́ẹ̀tì tó bo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, àti ohun tí ọmọ á fẹ̀yìn tì tó ní bẹ́líìtì, kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ fún wẹ́dà tó mọ iṣẹ́. Irin ìfẹ̀yìntì yẹn náà ni wọ́n á lẹ téèpù tírélà mọ́ lẹ́yìn. Kí ìyá sì ká etí ìró àti ìdí ọ̀já wọlé dáadáa kó tó gùn, nítorí pé aṣọ tí táyà bá fà kì í bẹ̀bẹ̀.

Iná dáínámò, èyí tí táyà ń yí, ó dára, kì í ná ènìyàn ní bátìrì. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, iná á kú. Ní oríta, níbi tí bàbá ti dúró pé kí ọkọ̀ kọjá, ibẹ̀ gan-an ni kò ti ní iná kankan. Torí náà kí iná bátìrì kékeré kan, pupa, wà lẹ́yìn, tàbí ó kéré tán kí gíláàsì àti téèpù wà níbẹ̀. Kí wọ́n má sì fi tọ́ọ̀ṣì funfun síbẹ̀ o! Dẹ́rẹ́bà tó bá rí iná funfun níwájú rẹ̀ á rò pé ọkọ̀ ló ń bọ̀ wá pàdé òun. Àwọn tó ń fún ọmọ ní tọ́ọ̀ṣì pé kó máa mú un dání lẹ́yìn, kí wọ́n rántí pé ọmọ tó ń tòògbé lọ́wọ́ kan náà yẹ kó fi di bàbá rẹ̀ mú.

Ọyẹ́ tún ní ti ẹ̀ lọ́tọ̀. Eruku a máa bo gíláàsì àti téèpù, ẹrẹ̀ òjò náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Gíláàsì tó bá ti dọ̀tí kò yàtọ̀ sí òkúta. Àkísà tó tutù, ìnù méjì péré.

ÈWO NI TI ỌLỌ́KADÀ?

Ìyá tó gun ọ̀kadà kò ní ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé e:

"Ọlọ́kadà, jọ̀ọ́, tẹ búrèèkì kí n rí iná ẹ̀yìn rẹ."

"Ó ń ṣiṣẹ́, Màmá, ẹ gùn ún jàre."

"Mo gbọ́. Tẹ̀ ẹ́ kí n rí i ná. Ọmọ ni mo pọ̀n."

Bí iná kò bá tàn, kí ó bá tirẹ̀ lọ, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn á kùn, wọ́n á ní ìyá yìí le jù. Kí wọ́n kùn. Àwọn kan wà tó ń pa iná ńlá lóru, wọ́n ní bátìrì làwọn ń ṣọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ bátìrì kò gbọdọ̀ gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá, ọmọ méjì àti ọlọ́kadà lórí ìjókòó kan ṣoṣo, gbogbo ènìyàn ń rí i lójoojúmọ́, ojú sì ti mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n gbé síwájú lórí táǹkì ló burú jù, nítorí pé kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀ bí ọ̀kadà bá forí sọ nǹkan. L'Ékòó, ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìíní oṣù June 2022, wọ́n sì tún fi kún un lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ò sí nínú ìyẹn, ọ̀kadà nìkan ló ń dé ilé wọn. Ẹni tó bá lè rí mọ́tò wọ̀ lálẹ́ pẹ̀lú ọmọ, kí ó san owó mọ́tò. Ẹni tí kò bá rí i, ọmọ kan ṣoṣo, kó wà láàrin ọlọ́kadà àti ìyá rẹ̀.

Akoto ńkọ́? Nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní dandan ni fún ọlọ́kadà ní January 2009, ẹ̀rín ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà: igbá, ìkòkò, ike ọ̀dà, kò sí ohun tí wọn ò dé sórí. Àwọn èrò sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè ti ṣe nǹkan sínú akoto. Ẹ̀rín ti tán. Akoto àgbàlagbà lórí ọmọdé kì í dúró, á yí bo ojú rẹ̀ ni. Èyí tó bá orí rẹ̀ mu ni kí wọ́n wá, kí wọ́n sì lẹ téèpù mọ́ ìpàkọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ọmọlẹ́yìn kẹ̀kẹ́ nìkan ló lẹ́bi o. Tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà, tí ọmọ mọ́tò já ewé lélẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ta ló ń rí ewé lóru? Káfíńtà àti ọmọ rẹ̀ lè lọ kọ lu ìdí tírélà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ olójú kan náà wà: iná kan ṣoṣo ló ń bọ̀, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ rò pé ọ̀kadà ni, kò fi àyè sílẹ̀ tó, àfìgbà tó dé tán tó rí i pé lọ́rì ni. Iná kan tó ń bọ̀ lókèèrè, kó yáa kà á sí lọ́rì, kó yà sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ń tan iná gíga sójú ènìyàn ńkọ́? Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ má wo iná náà, etí ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀tún ni kó wò, kó rọra, bó bá ṣeé ṣe kó sọ̀kalẹ̀ kó tì í. Ìtìjú kò sí nínú kí bàbá ti kẹ̀kẹ́ tí ọmọ wà lórí rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lálẹ́ òní, kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ jáde síwájú ilé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú dáadáa. Kí ọmọ gùn ún bó ṣe máa ń gùn ún, pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀, kí ìyá dì í mú kó má ṣubú. Kí bàbá rìn tó bí 70 ìṣísẹ̀ lẹ́yìn wọn, kó yíjú padà, kó gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ bíi ti ọdẹ, kó sì tan iná sí wọn. Bó bá jẹ́ òkùnkùn nìkan ló rí, ohun tí dẹ́rẹ́bà lọ́rì ń rí nìyẹn ní gbogbo alẹ́ tí wọ́n ti ń gba ọ̀nà yẹn. Kó padà wá sídìí kẹ̀kẹ́, kó wo ohun tó bo gíláàsì mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ ìró, ó lè jẹ́ ẹrẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé gíláàsì ti jábọ́ láti ìjẹta tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.